Iná Dáṣíbọ́ọ̀dù Gunvor

Òjò tó ń fọ iyọ̀ kúrò lójú títì kò tíì rọ̀, ohun tí Sixten sì ń bẹ Ọlọ́run fún láràárọ̀ ni pé kó má tíì rọ̀. Ní agbègbè adágún Siljan, kò sí ẹni tó ń gbé ọkọ̀ àtijọ́ jáde nígbà tí iyọ̀ ìgbà òtútù ṣì wà lójú ọ̀nà, torí iyọ̀ a máa jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ ilé. Àwọn tó ń tọ́jú títì á da iyọ̀ sílẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ á ti ilẹ̀kùn abà wọn, wọ́n á máa wojú sánmà. Tí yìnyín bá ti tán, tí òjò ńlá kan sì ti rọ̀, ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó bá tẹ̀ lé e ni gbogbo wọn á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ Amẹ́ríkà gbọọrọ gbọọrọ, wọ́n á máa rọra yí ìlú po títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde kí òjò náà tó rọ̀, wọ́n á fi ṣẹ̀sín di ọdún tó ń bọ̀.

Ọkọ̀ tó wà nínú abà Sixten, Ṣẹfurọlẹ́ẹ̀tì ọdún 1957 ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní lẹbẹ méjì bíi ti ẹja. Gunvor ìyàwó rẹ̀ ló ni í. Àbúrò bàbá Gunvor kan ló lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tó gbé e bọ̀ wálé, tó sì kú tì í. Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, Gunvor náà kú. Lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní, "Má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn dúró sínú abà títí eku á fi jogún ẹ̀. Tí iyọ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, bá àwọn yòókù gbé e jáde. Ṣó o gbọ́?" Sixten ní òun gbọ́, ó ní òun á ṣe é. Kí lèèyàn tún lè sọ nírú ibẹ̀ yẹn?

Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn ká ní Sixten máa ń wa ọkọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà á rí, lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, ó sì fi wó òpó géètì àlùfáà. Gunvor sọ̀kalẹ̀, ó wo ibi tó tẹ̀ wọnú, ó sì dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀: "Láti òní lọ, inú ẹ́ńjìnnì ni tìẹ, ìdí sítíárì ni tèmi." Abúlé fi rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn, ṣùgbọ́n àdéhùn náà mọ́ tọkọtaya yìí lára. Bí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, Sixten ló ń tọ́jú ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, Gunvor ló ń darí ẹ̀. Sixten mọ ọkọ̀ yẹn láti ìsàlẹ̀ àti láti ẹ̀yìn, bí dókítà ṣe mọ ìfun aláìsàn tí kò bá jókòó jẹun rí.

Àga iwájú ọkọ̀ náà, ẹyọ kan ṣoṣo tó gùn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn ni. Gunvor kúrú, Sixten sì ga bí òpó iná. Gunvor á fa àga síwájú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé bíréèkì, orúnkún Sixten á sì máa gbá dáṣíbọ́ọ̀dù láti ilé dé ibi tí wọ́n ń lọ. Sixten tó máa ń ráhùn nípa ohun gbogbo kò ráhùn nípa èyí rí. Bó ṣe ká jọ bẹ́ẹ̀ náà ló ti máa ń sùn. Iléeṣẹ́ ìlagi ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó máa ń jí kí àkùkọ tó jí, torí náà tí wọ́n bá ti kọjá ṣọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀nà ilé lálẹ́, ó ti sùn lọ nìyẹn. Inú abà ló máa ń jí sí, òun nìkan nínú òkùnkùn, búláńkẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀. Á wọlé tìbínú tìbínú: "O tún fi mí sílẹ̀ bí àpò ànàmọ́." Gunvor á gbé kọfí gbígbóná síwájú ẹ̀, kò ní fèsì.

Nínú oṣù kẹta ni Sixten lọ ṣí abà láti wo ọkọ̀ náà. Ó so bátìrì mọ́ ọn, ó na ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ tí èrò máa ń jókòó sí, ó fa orí súìṣì iná, ìyẹn ọmọ róbótó funfun kan tó wà lápá òsì sítíárì. Iná iwájú tàn sára ògiri abà. Ṣùgbọ́n dáṣíbọ́ọ̀dù ṣókùnkùn: aago eré, aago epo, gbogbo wọn dúdú bí ojú afọ́jú. Ó ṣílẹ̀kùn, ó tì í, ó tún un ṣí. Iná òrùlé tó yẹ kó máa tàn bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kò tàn. Ká sọ òtítọ́ nípa ọkùnrin yìí, inú rẹ̀ dùn. Ojú tì í pé inú òun dùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ọkọ̀ tí kò pé kì í jáde, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò jáde kò sì ní láti jókòó sáàyè òkú.

Bó ṣe di pé ó ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ nìyẹn, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ níta ilẹ̀kùn èrò. Ó yẹ fíúùsì wò, ó dára. Ó yọ àwọn gílóòbù kéékèèké tó wà lẹ́yìn aago ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ra tuntun, ó fi wọ́n sí i, kò tàn. Ó gbé àwọn gílóòbù àtijọ́ sára bátìrì lórí tábìlì, gbogbo wọn ń tàn yòò. Ó ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà ti kan ara ọkọ̀. Ó pààrọ̀ wáyà. Nígbàkigbà tó bá fẹ́ dán an wò, á na ọwọ́ sókè láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí, á fa orí súìṣì, á retí, òkùnkùn ni. Á mí kanlẹ̀, á lọ jẹun. Ànàmọ́ sísè àti ẹja inú agolo ló ń jẹ, ní ìdúró, nídìí fèrèsé, torí tó bá jókòó sídìí tábìlì, àga kejì á máa wò ó.

Ti iná òrùlé tiẹ̀ rú u lójú ju èyíkéyìí lọ. Nígbà tó ṣí ìdérí iná náà, kò bá gílóòbù kankan níbẹ̀. Ó wá a títí, inú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù ló ti rí i, níbi tí Gunvor máa ń kó súìtì rẹ̀ sí. Áńkáṣíìfù Gunvor ni wọ́n fi wé e bí ẹyin. Sixten rò pé ó ti jó ni. Ó gbé e sára bátìrì, ó tàn. Ó di áńkáṣíìfù náà mú fún ìgbà díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún fi wé gílóòbù náà bó ṣe wà, ó dá a padà sáyè ẹ̀. Kò mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ohun tí Gunvor bá fi síbì kan, kó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan nínú oṣù karùn-ún, òjò rọ̀. Ó rọ̀ tọ̀sán tòru. Sixten dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ ọ lórí òrùlé, ó mọ̀ pé iyọ̀ ń ṣàn lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé, Maj-Lis wọ inú abà pẹ̀lú fúláàsì kọfí lápá kan, búrẹ́dì olóyin lápá kejì. Maj-Lis ni ọ̀rẹ́ Gunvor láti kékeré. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ló ń jókòó sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jáde, wọ́n sì máa ń já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì ẹ̀ kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó dá lórí ọ̀nà tí Gunvor bá gbà.

"Sixten, ẹsẹ̀ ẹ nìkan ni mo rí. Ṣé kí n pe àlùfáà ni, àbí kí n bu kọfí?"

"Bu kọfí. Àlùfáà á mu ún tán mọ́ mi lọ́wọ́."

Sixten jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún. Maj-Lis jókòó sórí táyà kan, ó fún un ní ife.

"Òjò ti rọ̀," ó ní.

"Mi ò kúkú dití."

"Títì ti mọ́ bí àwo. Aago méje ni wọ́n ń pàdé nílé epo. Gbogbo wọn ló ń bi mí bóyá ò ń bọ̀."

"Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ò tíì tàn."

"Iná dáṣíbọ́ọ̀dù." Maj-Lis tún un pè bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Nínú oṣù karùn-ún, tí ilẹ̀ kì í ṣú títí aago mẹ́wàá. Ṣé ìwé lo fẹ́ máa kà níbẹ̀ ni?"

"Ó yẹ kéèyàn mọ eré tó ń sá."

"Eré wo? Ajá arúgbó kan kọjá wa lọ́dún tó lọ, ó tiẹ̀ dúró tọ̀ kó tó kọjá."

Sixten fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Mi ò lè gbé ọkọ̀ tí kò pé jáde. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

"Láti ìgbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀ lo ti wà lábẹ́ ẹ̀, bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ tuntun ti ṣe é tán. Kí ló wá ṣe é gan-an?"

"Ká ní mo mọ̀, ṣé màá wà lábẹ́ ẹ̀? Mo ti pààrọ̀ gílóòbù. Mo ti pààrọ̀ wáyà. Fíúùsì dáa. Iná ń dé ibi súìṣì, kì í kọjá."

"O ti yí i?"

"Kí n yí kí ni?"

"Orí súìṣì yẹn, ọmọ funfun yẹn."

"Fífà ni wọ́n ń fà á."

"Wọ́n ń fà á, wọ́n tún ń yí i. Tó o bá yí i sápá kan, iná ojú aago á máa kéré títí á fi kú. Tó o bá yí i padà, á là." Maj-Lis gbé ife sílẹ̀. "Sixten, má sọ fún mi pé o ò mọ̀."

Sixten yíjú sí ọkọ̀ náà. Nígbà kan, ní ìgbà òtútù kan tó ti pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló tú súìṣì yẹn palẹ̀, tó fọ inú ẹ̀, tó tò ó padà. Ó mọ̀ nígbà náà pé ó ń yí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ kì í lò, orí kì í pa á mọ́. Ẹni tí kò jókòó sídìí sítíárì lálẹ́ rí, kí ni yóò fi yí i? Maj-Lis rí ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Àfìgbà tó rí i pé Sixten kò bá òun rẹ́rìn-ín ló dákẹ́.

"Ta ló wá yí i kú?" Sixten bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́.

"Gunvor ni. Gbogbo ìgbà ló ń yí i kú. Tẹ́ ẹ bá ti ń bọ̀ wálé, tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í han-run, ọwọ́ ẹ̀ á lọ síbẹ̀. Ó ní iná yẹn ń tàn sí ẹ lójú, pé ò ń fajú ro lójú oorun."

"Gílóòbù òrùlé ńkọ́?"

"Òun náà ló yọ ọ́. Ó ní tóun bá ṣílẹ̀kùn nínú abà, tí iná yẹn bá tàn, wàá jí, wàá sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ẹ. Ó ní kó o sùn díẹ̀ sí i, kóun lọ gbé kọfí kaná."

Sixten wo ife tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn tó fi ń pariwo pé wọ́n fi òun sílẹ̀ nínú abà. "Kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ fún mi?"

"Ò ń sùn."

Ẹyẹ kan wọ inú abà, ó tún jáde. Lẹ́yìn náà ni Sixten béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. "Kò sú u? Kó máa dá wakọ̀ nínú òkùnkùn, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ dà bí igi?"

"Èmi náà bi í lọ́jọ́ kan. Ó ní wákàtí yẹn nìkan lójúmọ́ lo kì í bóun jiyàn." Maj-Lis rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ. "Ó máa ń bá ẹ sọ̀rọ̀, Sixten. Tó bá ti dá a lójú pé o ti sùn. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ ọ́. Àwọn nǹkan tí kò lè sọ lójú ẹ."

"Bíi kí ni?"

"Ìwọ ló ń bá sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Ojú fèrèsé ni mo máa ń wò." Ó dìde, ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára aṣọ. "Aago méje. Tó ò bá wá, mi ò ní bá ẹ jà. Àmọ́ má tún parọ́ iná fún mi mọ́."

Nígbà tó lọ tán, Sixten rìn yípo ọkọ̀ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn Gunvor. Ó ká ara rẹ̀ kò, ó wọlé, ó jókòó. Sítíárì kàn án láyà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì lọ sókè bíi ti tata. Ó fa orí súìṣì, ó wá yí i. Ara ọmọ funfun náà ti jẹ díẹ̀ lápá kan, ibi tí àtàǹpàkò èèyàn kan ti ń kàn án láti ọdún dé ọdún. Iná ojú aago là, jẹ́jẹ́, bí ògúnná tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́nu, títí gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù fi mọ́.

Kò sí nǹkan tó ṣe é. Kò sí nǹkan tó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Sixten gbé iwájú orí lé sítíárì, ó sunkún, kò sì nu ojú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ó rí ìwé súìtì kan nílẹ̀, ó rí ibi tí aṣọ àga ti fẹ́lẹ́ níbi tí Gunvor máa ń fi èjìká tì, ó sì rí búláńkẹ́ẹ̀tì tó wà ní kíká lápá ibi tí òun máa ń jókòó.

Kò fẹ́ sún àga yẹn sẹ́yìn. Ó ní òun á wakọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ta ẹ́ńjìnnì jí, ó fẹ́ máa jáde, ọkọ̀ lọ, ó fẹ́ tẹ bíréèkì, orúnkún rẹ̀ há sábẹ́ sítíárì, ó ku ìka kan kí òpó ilẹ̀kùn abà dà bíi ti àlùfáà. Ó rí ẹsẹ̀ fà yọ lọ́lá Ọlọ́run. Ó jókòó, ó sì dà bíi pé òun gbọ́ ohun tí Gunvor yóò sọ. Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó wá irin tó ń sún un, ó dì í mú pẹ́. Àga náà kò kúrò níbẹ̀ rí láti ìgbà tí orúnkún Sixten ti ń gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ó fà á. Àga sún sẹ́yìn pẹ̀lú ariwo ìpẹtà, apá òun àti apá Gunvor lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tún un tò gẹ́lẹ́ bó ṣe wà.

Nílé epo, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè sí i. Ẹnì kan ti ọwọ́ bọ fèrèsé, ó gbé sọ́séèjì àti ànàmọ́ gígún fún un nínú páálí. Maj-Lis ṣílẹ̀kùn, ó wọ ẹ̀yìn, àyè rẹ̀, kò tilẹ̀ wo iwájú. Wọ́n yí ìlú po pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n kọjá afárá, wọ́n kọjá ilé ìfowópamọ́, wọ́n tún padà. Àwọn èèyàn jókòó lórí àga ìta, wọ́n fi aṣọ òtútù bora, wọ́n ń juwọ́. Sixten náà ń juwọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, apá ọ̀tún rẹ̀ tutù, bí ìgbà téèyàn jókòó ti fèrèsé tí kò padé dáadáa.

Nígbà tí òfuurufú di àwọ̀ eérú, ó gbé Maj-Lis dé ẹnu géètì ẹ̀. "O ò gbá nǹkan kan lulẹ̀," obìnrin náà ní. "Gunvor ò ní gbà á gbọ́." Ó fọwọ́ kàn án léjìká láti ẹ̀yìn, ó sọ̀kalẹ̀.

Sixten kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Ibí gan-an ni oorun ti máa ń gbé e lọ. Kò mọ ọ̀nà tó wà níwájú yìí. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ ló fi ń gbà á, kò rí i rí lálẹ́. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn sára gíláàsì iwájú, ó ń tàn sórí búláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò fi bora, kò jẹ́ kó rí ìta dáadáa. Ó na ọwọ́ òsì, ó rí ibi tó ti jẹ lára ọmọ funfun náà, ó fi àtàǹpàkò síbẹ̀, ó yí i. Iná kéré, ó kéré, ó kú.

Ìgbà yẹn ni igbó jáde. Ó rí àwọn igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rí adágún láàárín wọn, funfun, ó ṣì di ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ mú bí ẹni tí kò fẹ́ lọ sùn. Gbogbo èyí ni Gunvor ń wò. Gbogbo èyí ni obìnrin yẹn ń dá nìkan wò, tó sì ń bá òun sọ̀rọ̀, òun sì ń han-run.

"Máa sùn," Sixten sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Èmi ni mò ń wakọ̀."

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, jẹ́jẹ́, gbogbo ohun tí kò sọ lójú rẹ̀, láti ibẹ̀ títí ó fi dé ẹnu abà. Ó sọ bó ṣe ń dúró jẹun. Ó sọ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ kí òjò má rọ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́.

Nínú abà, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣílẹ̀kùn, iná òrùlé kò tàn, torí gílóòbù ṣì wà nínú áńkáṣíìfù. Ó fa búláńkẹ́ẹ̀tì náà, ó tẹ́ ẹ dáadáa sórí àga èrò. Ó rọra ti ilẹ̀kùn kó má baà dún, ó sì wọlé lọ gbé omi kọfí kaná.